Mo tẹ̀lé ipasẹ̀ àwọn Gíríìkì láti Chicago dé Astoria

Fúráìdè, Chicago

Látìgbà tí Amẹ́ríkà ti gé fisa àwọn èèyàn wa sí oṣù mẹ́ta, tó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè fi wọlé, ìyẹn July 2025, kò sí mítìn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ṣe ní Chicago níbí tẹ́nì kan ò ní dìde pé ó yẹ ká lọ bá àwọn ará Congress, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀. A ó pàtẹ́wọ́, a ó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Mo wá bi ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ lọ́yà nínú ẹgbẹ́ pé ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo àlejò tó wọ ilẹ̀ yìí, ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí tó sì rí i ṣe? Wọ́n ní àwọn Júù ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n kí n lọ wo àwọn Gíríìkì, pé lọ́dún 1974 sí 1975 àwọn ọmọ oní-búkà ló dojú kọ Henry Kissinger tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì mú Congress dá ìbọn tí Amẹ́ríkà ń fún Tọ́kì dúró, Tọ́kì tó jẹ́ pé inú NATO, ẹgbẹ́ ológun kan náà, lòun àti Amẹ́ríkà jọ wà o. Mo ní leave tí mo ò tíì lò níbi iṣẹ́. Mo bá palẹ̀ mọ́.

Ohun tó tún jẹ́ kọ́rọ̀ náà wọ̀ mí lára ni pé orí Cyprus, erékùṣù tí àwọn ọmọ Gíríìkì àti ọmọ Tọ́kì jọ ń gbé, ni ìjà yẹn dá lé. Ẹ̀yin náà mọ Cyprus, àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ibi táwọn agent ń kó àwọn ọmọ wa lọ pé kí wọ́n lọ ka yunifásítì. Ọmọ àǹtí mi kan wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tí agent kì í sọ ni pé apá àríwá ni wọ́n ń kó wọn lọ, ibi tó jẹ́ pé Tọ́kì nìkan ló gbà láyé yìí pé ó ń jẹ́ orílẹ̀-èdè, tó jẹ́ pé wàá gba Tọ́kì kọjá kó o tó balẹ̀ sí eápọ́ọ̀tì Ercan, tí ìjọba Nàìjíríà ò sì ní àjọṣe kankan pẹ̀lú wọn, ìdí nìyẹn tí Abike Dabiri-Erewa fi ń kìlọ̀ lọ́dún 2020 pé káwọn ọmọ wa yé lọ. Apá yẹn gan-an ni sójà Tọ́kì gbà ní July àti August 1974, bíi 37% gbogbo erékùṣù náà. Ká má parọ́, àwọn ológun tó ń ṣèjọba ní Athens, olú ìlú Gíríìkì, nígbà yẹn ló fọwọ́ ara wọn fà á. July 15 ni wọ́n dìtẹ̀ gbàjọba lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Makarios tó jẹ́ olórí Cyprus, nígbà tó fi máa di July 20 Tọ́kì ti balẹ̀.

Ọ̀sán ni mo dé Halsted Street. Àwọn Gíríìkì kún àdúgbò yìí dẹ́nu nígbà kan kí títì ńlá Eisenhower àti yunifásítì Illinois tó gba ilẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ìlà ilé oúnjẹ díẹ̀ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ló kù. Mo jókòó, wọ́n gbé wàràkàṣì wá síwájú mi, wọ́n da ọtí lé e, wọ́n ṣáná sí i, gbogbo wọn ké "Opa!", ẹ̀rù bà mí fún ojú mi. Ó dùn ṣá. Ìlú yìí ni Andrew Athens ti ṣòwò irin títí ó fi lówó, tó sì dá United Hellenic American Congress sílẹ̀ lọ́dún 1975 lẹ́yìn ogun Cyprus. Àwọn tó wà ní Washington ti ní tiwọn, AHEPA, ẹgbẹ́ àwọn Gíríìkì tó wà káàkiri Amẹ́ríkà, ti wà látọjọ́ pípẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì náà wà láàyè ẹ̀, kálukú wọn ló sì gbà pé òun lòun ń gbẹnu sọ fún Gíríìkì. Nígbà tí mo kà á, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Mo ti rò pé àwa nìkan la máa ń ní prẹ́sídẹ́ǹtì mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kan.

Sátidé, South Bend

Tíréènì South Shore ni mo wọ̀ láti Millennium Station, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ adágún lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí ó fi já mi sí eápọ́ọ̀tì South Bend ní Indiana. Kò sí ẹni tó máa bá ẹ ní kó o lọ wo South Bend torí Gíríìkì, bóyá torí bọ́ọ̀lù Notre Dame. Ṣùgbọ́n èmi wá torí John Brademas, ọmọ Gíríìkì tó ṣojú ibẹ̀ ní Congress.

Mishawaka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1927, bàbá ẹ̀ wá láti ilẹ̀ Gíríìkì, ó ń ṣe ilé oúnjẹ, ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Indiana, tíṣà ni. Ọmọ náà mọ̀wé dé Harvard, ó dé Oxford. Ó díje fún Congress lẹ́ẹ̀mejì, ó fìdí rẹmi, ẹ̀ẹ̀kẹta ló wọlé ní 1958, ó sì lò tó ọdún méjìlélógún níbẹ̀. Àwọn Gíríìkì ò pọ̀ ní àdúgbò tó ń ṣojú fún, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù, wọn ò lè fi ìbò gbé e wọlé, wọn ò sì lè fi ìbò lé e jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ fákítìrì, àwọn ọmọ Póláǹdì, àwọn Kátólíìkì ló dìbò fún un, torí iléèwé àti iṣẹ́ tó ń jà fún. Nígbà tó wá di 1974 tó dìde nítorí Cyprus, kò sẹ́ni tó lè sọ pé torí ìbò ló ṣe ń pariwo. Kissinger gan-an ò rí ibi dì í mú.

Ohun míì tún wà. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Athens ní 1967, Brademas ta kò wọ́n, ó ní kí Amẹ́ríkà má fún wọn ní ìbọn, kò sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gíríìkì títí wọ́n fi kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ Gíríìkì ní Amẹ́ríkà ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ o, àwọn kan ń bá àwọn ológun ya fọ́tò. Nítorí náà nígbà tí ọkùnrin yìí ní kí wọ́n má ta ìbọn fún Tọ́kì, ó lè sọ pé èmi nìyí, bí mo ṣe sọ nípa Gíríìkì náà ni mo ṣe ń sọ nípa Tọ́kì. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìjọba ńlá sọ̀rọ̀ òfin, ó ṣe pàtàkì kí ọwọ́ ẹ̀ mọ́.

Mo rìn káàkiri àárín ìlú, òtútù ń mú, fákítìrì Studebaker tí wọ́n tì láti 1963 ṣì ń jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ẹ̀. Alẹ́ ni Amtrak tó ń lọ Washington dé, ó pẹ́, bó ṣe máa ń pẹ́.

Ọ̀gànjọ́ òru, inú tíréènì

Mi ò rí oorun sùn. Bàbá tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń hanrun láti Toledo.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo kó dání. Àwọn Gíríìkì tí a ń pè ní òyìnbó funfun báyìí, wọn ò kà wọ́n sí òyìnbó nígbà tí wọ́n dé. February 1909, àwọn èrò ya wọ àdúgbò àwọn Gíríìkì ní South Omaha, wọ́n fọ́ ilé fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lé gbogbo wọn kúrò. Nígbà tó yá Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra àlejò àti adúláwọ̀, gbérí. July 1922 ni àwọn oníṣòwò Gíríìkì kan jókòó ní Atlanta, àárín ọ̀tá gangan, tí wọ́n dá AHEPA sílẹ̀, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì la ó máa sọ ní mítìn, a ó di ọmọ Amẹ́ríkà, a ó máa dìbò. Inú bí àwọn míì, ọdún kejì ẹ̀ ní Pittsburgh wọ́n dá GAPA sílẹ̀ láti fi gbé èdè Gíríìkì àti ṣọ́ọ̀ṣì wọn lárugẹ. Àríyànjiyàn tí a ṣì ń ṣe lórí WhatsApp títí dòní náà nìyẹn, ṣé kí ọmọ sọ Yorùbá ni àbí kó sọ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1924 òfin tuntun jáde, wọ́n ní 100 Gíríìkì péré ló lè wọlé lọ́dún kan. Ọgọ́rùn-ún! Mo tún un kà.

AHEPA ló wá wúlò jù ní 1974, kì í ṣe torí pé wọ́n le, ṣùgbọ́n torí pé wọ́n ti ní ẹ̀ka káàkiri àwọn ìlú kéékèèké, láàárín àwọn tó ń ta kọ́fí tó ń ta ẹyin díndín, tí ọmọ Congress àdúgbò máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wọn tó bá ti di àsìkò ìbò. Wọn ò nílò ẹni tó máa mú wọn mọ ọ̀gá, ọ̀gá ti jẹ gbèsè kọ́fí lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tá a kúrò ní Pittsburgh.

Sọ́ńdè, Washington

A dé lọ́sàn-án, ara ríro. Mo sinmi díẹ̀, mo bá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Massachusetts Avenue níbi tí àwọn ẹ́ḿbásì tò sí. Ẹ wo nǹkan tí mo rí. Ère Venizelos, olórí ìjọba Gíríìkì àtijọ́, dúró níwájú ẹ́ḿbásì wọn, kò ju kó o rìn díẹ̀ lọ, o ti dé Sheridan Circle, ère Atatürk, ẹni tó dá orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní sílẹ̀, ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ambásádọ̀ Tọ́kì ń gbé. Àwọn méjèèjì jagun ara wọn, àwọn méjèèjì ló tún parí ìjà ní 1930, Venizelos yìí kan náà ló fi orúkọ Atatürk sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel àlàáfíà ní 1934. Àwọn ọmọ wọn ò rántí ìyẹn mọ́ o. Ẹ́ḿbásì Cyprus náà ò jìnnà, ó wà ní R Street.

Sheridan Circle yẹn náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Erdoğan, prẹ́sídẹ́ǹtì Tọ́kì, ti na àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ní May 2017, nígboro Amẹ́ríkà, níwájú kámẹ́rà. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ba iṣẹ́ àwọn tí Tọ́kì ń sanwó fún láti bá wọn sọ̀rọ̀ ní Washington jẹ́ pátápátá, torí kò sí bí lọ́yà ṣe máa gbọ́n tó tó máa fi aṣọ bo fídíò.

Mo tún jókòó síbẹ̀ ronú nípa apá kejì. Àwọn ọmọ Tọ́kì tó jẹ́ ará Cyprus náà ní ìtàn tiwọn. Láti December 1963 tí àwọn ará Cyprus ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Tọ́kì yìí ló fi ilé sílẹ̀ lọ há sínú àdúgbò kéékèèké títí di 1974. Wọn ò ní AHEPA, wọn ò ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, wọn ò ní Brademas. Ìtàn tí wọ́n gbọ́ ní Congress ni ìtàn ẹni tó ní èèyàn níbẹ̀. Mi ò sọ pé ìtàn àwọn Gíríìkì kì í ṣòótọ́ o, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ó lé ni ogun lé kúrò nílé, wọn ò tíì padà síbẹ̀ títí dòní. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú kan ni Congress fi wò ó.

Mọ́ńdè, Capitol

Òní ni mo jẹ èrè ìrìn-àjò yìí.

Ó lè yà yín lẹ́nu, èèyàn lè rìn wọ ilé tí ọ́fíìsì àwọn ará Congress wà láìní appointment, Rayburn, Longworth, Cannon, o kàn máa gba inú ẹ̀rọ tó ń yẹ irin wò kọjá, ó parí. Kọ́rídọ̀ gígùn, mábù, ìlẹ̀kùn tí wọ́n kọ orúkọ àti ìpínlẹ̀ sí. Mo wọ ọ́fíìsì ẹni tó ń ṣojú àdúgbò mi ní Chicago. Ọmọdékùnrin kan ló wà nídìí tábìlì, kò tíì tó ọmọ ọdún marùndínlọ́gbọ̀n lójú mi, mo kí i, mo ní mo wá nítorí ọ̀rọ̀ fisa Nàìjíríà. Kò bi mí ní orúkọ, kò bi mí ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ní "What's your zip code?", ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ àdúgbò tí mò ń gbé. Mo pè é fún un, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀ yí padà sí rere, ó mú bírò. Nígbà tí mo kọjá sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ míì kan láti dán an wò, ìbéèrè kan náà, mo dáhùn, ọmọbìnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fún mi ní káàdì, ó ní kí n kàn sí ẹni tó ń ṣojú mi. Ó parí síbẹ̀.

Mo jáde, mo dúró sí kọ́rídọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn Gíríìkì wá yé mi kedere ju gbogbo ìwé tí mo kà lọ. Wọn ò pọ̀ ní Amẹ́ríkà, títí di ìsinsìnyí wọn ò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ nínú ìkànìyàn. Ṣùgbọ́n wọ́n fọ́n ká. Búkà kan ní Maine, ẹni tó ń rì sínú òkun wá kànìnkànìn ní Tarpon Springs ní Florida, fákítìrì aṣọ ní Lowell, ilé oúnjẹ ní Indiana. Ọ́fíìsì Congress tí wọn ò ní zip code sí ò pọ̀. Nígbà tí àwọn àlùfáà ka lẹ́tà Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Iakovos, olórí ṣọ́ọ̀ṣì Gíríìkì ní Amẹ́ríkà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní 1974, àwọn èèyàn ò kọ lẹ́tà sí "Amẹ́ríkà", wọ́n kọ ọ́ sí ọkùnrin kan báyìí tó mọ ojú wọn.

Nǹkan kejì ni òfin. Èyí gan-an ló dùn mọ́ mi nínú jù. Òfin ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè tí Amẹ́ríkà fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe ní 1961 sọ pé ìbọn tí a bá fún yín, ẹ fi gbèjà ara yín nìkan, ẹni tó bá fi lọ gba ilẹ̀ onílẹ̀, ìrànwọ́ ẹ̀ ti dópin. Ìbọn Amẹ́ríkà ni Tọ́kì fi wọ Cyprus. Nítorí náà kò sẹ́ni tó dìde ní Congress kó wá máa sunkún pé ẹ ṣàánú Gíríìkì. Thomas Eagleton, sẹ́nétọ̀ Missouri, tí kì í ṣe Gíríìkì rárá, dìde ní Sẹ́nẹ́ètì, ó ní òfin rèé, ṣé a ó tẹ̀ lé e àbí a ò ní tẹ̀ lé e? Benjamin Rosenthal, ọmọ Júù láti Queens, ń sọ ọ́ ní House, ilé aṣojú-ṣòfin, Brademas àti Paul Sarbanes, ọmọ Gíríìkì láti Maryland, wà pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé prẹ́sídẹ́ǹtì Nixon ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò ní August yẹn gan-an torí pé ó tẹ òfin lójú, ọ̀rọ̀ Vietnam sì ti sú gbogbo wọn. Wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa fi ìjọba mọ ààyè ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kissinger ń sọ nípa NATO, ó ń sọ nípa ibùdó tí Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ Rọ́ṣíà láti Tọ́kì, ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni o, ṣùgbọ́n kò rí òfin yẹn dá lóhùn. Ford tó rọ́pò Nixon kọ̀, kò buwọ́ lu ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n tún un gbé wá, ó tún kọ̀, nígbẹ̀yìn wọ́n jọ ṣàdéhùn, ó sì di February 5, 1975 kí ìbọn tó dúró.

Eugene Rossides ló sọ nǹkan òfin yìí di iṣẹ́. Lọ́yà ni, bàbá ẹ̀ wá láti Cyprus, ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Nixon ní Treasury, ilé iṣẹ́ ìṣúra, tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lẹ fẹ́ràn, òun ló wà nídìí bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Columbia lọ́jọ́ tí wọ́n na Army, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù iléèwé ológun, ní 1947. August 1974 ló dá American Hellenic Institute sílẹ̀, ilé wọn wà ní 16th Street, mo kọjá níwájú ẹ̀ nírọ̀lẹ́. "Ìjọba òfin" lohun tó ń kọ tó sì ń sọ ṣáá títí ó fi kú ní 2020. Rẹpọ́blíkà ni, Brademas jẹ́ Dẹmọkrátì, wọ́n jọ ṣe é. Ẹ fi ìyẹn wé tiwa.

Túsìdè, Baltimore

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Randallstown ló wá gbé mi ní stéṣọ̀n, wọ́n ní kí ni mò ń wá ní Eastern Avenue, mo ní Gíríìkì, wọ́n ní ṣé ara mi dá. Wọ́n gbé mi lọ ṣá.

Àwọn èdè Spanish ló pọ̀ lára ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì St. Nicholas ṣì dúró digbí, àsíá aláwọ̀ aró àti funfun ṣì wà. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo yìí, Maryland, ni Spiro Agnew àti Paul Sarbanes ti jáde wá, tí wọn ò sì jọra rárá. Bàbá Agnew ń jẹ́ Anagnostopoulos nílé kó tó gé e, òun náà ṣe ilé oúnjẹ. Ọmọ ẹ̀ di igbákejì prẹ́sídẹ́ǹtì Amẹ́ríkà lábẹ́ Nixon, àwọn Gíríìkì yọ̀ bí ẹni pé ọba ni wọ́n jẹ, ó sì lọ kí àwọn ológun ní Athens lọ́dún 1971. Lọ́dún 1973 ó fi ipò sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó orí tí kò san. Ipò tó ga jù tí ọmọ wọn dé nìyẹn, kò sì ṣe Cyprus ní oore kankan. Sarbanes ní tiẹ̀, bàbá àti ìyá ẹ̀ ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Salisbury, Mayflower Grill, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ó wọ House ní 1971, ó di sẹ́nétọ̀ ní 1977, ó ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún. Òun ló wúlò. Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti di mínísítà ò kí ń gbé fóònù mọ́.

Wọ́n se ẹ̀fọ́ rírò àti iyán fún mi. Mi ò ní kọ púpọ̀ nípa ọjọ́ yìí.

Wẹ́sìdè, New York

79th Street ni àwọn Ọ́tódọ́ọ̀ksì Gíríìkì ní olú ilé wọn sí. Iakovos wà níbẹ̀ láti 1959 títí di 1996. Ẹ máa rí fọ́tò ẹ̀ níbi gbogbo, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Martin Luther King ní Selma, níbi ìjà ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀, ní March 1965, irùngbọ̀n, aṣọ dúdú, ìwé ìròyìn Life gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ ẹ̀ ló bínú sí i nígbà yẹn, wọ́n ní kí ló kàn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ bá Ford nítorí Cyprus, ẹni tó wọlé kì í ṣe àlejò tó wá tọrọ nǹkan fún ìlú ẹ̀ nìkan, ẹni tó ti bá Amẹ́ríkà gbé ẹrù tiẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti rò ó bẹ́ẹ̀ ní Selma. Mo fura pé kò rò ó.

Lẹ́yìn náà mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Second Avenue, igun 44th Street, ẹ̀gbẹ́ Nigeria House. Igun Kudirat Abiola nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n pa ìyá náà ní Èkó ní June 1996, àwọn èèyàn wa tó sá àsálà àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú New York títí wọ́n fi fún igun náà lórúkọ ẹ̀, pé kí àwọn èèyàn Abacha tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn máa rí orúkọ ẹ̀ láràárọ̀. Ó ká Abacha lára tó fi lọ yí orúkọ àdúgbò tí àwọn Amẹ́ríkà wà ní Victoria Island sí Louis Farrakhan, olórí Mùsùlùmí adúláwọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ò fẹ́ràn. Lẹ́yìn tí Abacha kú ni wọ́n yí i sí Walter Carrington, ambásádọ̀ Amẹ́ríkà tó ta ko Abacha. Mo rẹ́rìn-ín lójú títì níbẹ̀ bí wèrè. Àwa náà ti ṣe é rí, a kàn jáwọ́ ni nígbà tí ológun lọ.

Tọ́sìdè, Astoria

Tíréènì N gbé mi dé Ditmars. Ilé kọ́fí, ilé oyin, ilé ẹja, àwọn bàbá àgbà tó ń ta káàdì. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ pé mo ní ọmọ àǹtí ní Cyprus, ó bi mí ibi tó wà níbẹ̀, mo ní Kyrenia, ní apá àríwá tí Tọ́kì gbà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyàwó òun. Kò bínú sí mi. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà kó kàwé ẹ̀ dáadáa.

Mo wá bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lẹ́nu láti Washington: ìbọn tí ẹ dá dúró yẹn, kí ló mú wá? Ó gbé èjìká. Tọ́kì bínú, ó gba ibùdó Amẹ́ríkà ní July 1975, ní October wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn. Carter bá àwọn Gíríìkì ṣe ìlérí nígbà tó ń wá ìbò prẹ́sídẹ́ǹtì ní 1976, nígbà tó wọlé tán òun fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n mú òfin náà kúrò, August 1, 1978 ni wọ́n dìbò ní House, 208 sí 205. Èèyàn mẹ́ta! Bàbá yẹn ṣì ń pe nọ́ńbà yẹn bí ẹni tó ń dárúkọ ẹrù tí wọ́n jí ní ilé ẹ̀. Ibo lẹ wà, ló ní òun bi àwọn èèyàn òun nígbà yẹn, ó ti rẹ̀ wọ́n, kálukú ti padà sídìí òwò. Sójà Tọ́kì ò sì kúrò ní Cyprus, ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Wọ́n rí àwọn nǹkan míì gbà lẹ́yìn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí Congress bá fún Tọ́kì ní dọ́là mẹ́wàá fún ológun, Gíríìkì á gba méje. Ní 1994 Clinton gba Macedonia gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, àwọn olórí Gíríìkì ní Amẹ́ríkà sáré lọ bá a nítorí orúkọ yẹn, wọ́n ní ti Gíríìkì ni, ó dá ọ̀rọ̀ ambásádọ̀ dúró títí di September 1995. Ní December 2019 òfin tí àwọn sẹ́nétọ̀ Menendez àti Rubio jọ gbé jáde tú díẹ̀ nínú ìfòfindè ìbọn tí Amẹ́ríkà fi lé Cyprus fúnra ẹ̀ láti 1987. Rubio ti di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè báyìí, Menendez wà lẹ́wọ̀n nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ góòlù àti ọ̀rọ̀ Egypt. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá gbé gbogbo ẹrù ẹ̀ lé sẹ́nétọ̀ kan lórí, wàhálà ń bọ̀.

Mo dé LaGuardia nírọ̀lẹ́. Mo kọ ọ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má mú owó wá sí mítìn tó ń bọ̀, kí kálukú fi zip code ilé ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kó sì fi tàwọn ọmọ ẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ míì kún un, Texas, Georgia, Ohio, ibi tó wù kó jẹ́. Alága bi mí ta ló fún mi láṣẹ. Ẹ̀gbọ́n lọ́yà ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́, tìyàwó ẹ̀ náà, àti tọmọ wọn tó wà ní Columbus.